Ọ̀rá, báàgì aṣọ, àti iye ìgbà tí a gbé e lọ sọ́jà

Òfin ìpínlẹ̀ Èkó tó de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí nínípọn rẹ̀ kò tó 40 máíkírọ̀nù (máíkírọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Ìbàdàn ni èmi ti ń ránṣọ, ní Mọ́kọ́lá, àmọ́ òfin Èkó kì í pẹ́ kó tó dé etí ará Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni àwọn oníbàárà ti ń wá bá mi pé kí n bá àwọn rán báàgì ọjà. Ẹlòmíì fẹ́ ẹyọ kan tí yóò máa gbé lọ sí Bódìjà. Ẹlòmíì fẹ́ ṣe òkú màmá rẹ̀, ó fẹ́ pín in fún àlejò. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: ọ̀rá ló ń ba àyíká jẹ́, báàgì aṣọ kò ba nǹkan kan jẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni báàgì aṣọ, ó sì ń mú owó wọlé fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn kò pé, àìpé rẹ̀ sì ń mú kí àwọn èèyàn ra báàgì tí wọn ò nílò. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún, torí èmi ni mo ń gé aṣọ yẹn, mo mọ bó ṣe wúwo tó lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rá fúnra rẹ̀. Ara epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní Eleme, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Port Harcourt, ilé iṣẹ́ Indorama ń ṣe ẹyọ rọ́bà wẹ́wẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ọ̀rá máa ń rà ní àpò-àpò. Ẹ̀rọ á yọ́ ẹyọ rọ́bà yìí, á fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú títí á fi wú bíi bàlúù gígùn, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á fi iná lẹ ìdí rẹ̀. Ọ̀rá ọlọ́wọ́ méjì tí gbogbo ayé ń lò báyìí, ẹnjiníà ará Sweden kan tó ń jẹ́ Sten Gustaf Thulin ló ya bí wọ́n ṣe ń gé e fún ilé iṣẹ́ Celloplast, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1965. Ohun tó mú kí ọ̀rá borí apẹ̀rẹ̀ àti báàgì pépà ni pé nǹkan díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, síbẹ̀ ó lè gbé iṣu.

Nǹkan díẹ̀ yẹn ni kó yé wa dáadáa. Lọ́dún 2011, Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí kan jáde lórí báàgì tí wọ́n fi ń ra ọjà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń wa epo tàbí tí wọ́n ti ń gbin òwú, títí dé ibi tí báàgì ti di pàǹtí. Ọ̀rá tí wọ́n gbé sórí ìwọ̀n kò ju nǹkan bíi gíráàmù 8 lọ. Báàgì òwú jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 183. Wọ́n wá béèrè pé: ìgbà mélòó ni èèyàn máa gbé báàgì kọ̀ọ̀kan lọ sọ́jà kó tó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rá tí a lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì sọ nù, tó bá jẹ́ gáàsì tó ń mú ayé gbóná là ń wò? Báàgì pépà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀rá nínípọn tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní bag for life, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Báàgì tó jọ aṣọ tí wọ́n máa ń pín níbi ìnáwó wa níbí, ìgbà 11. Báàgì òwú, ìgbà 131.

Ẹni tó ń lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò fi báàgì òwú kan ṣoṣo nájà fún ọdún méjì ààbọ̀ kó tó bọ́ nínú gbèsè yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀rá náà kò di ohun àsọnù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan, pé a fi da ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀kejì, iye náà ń gòkè. Bí gbogbo ọ̀rá bá di ọ̀rá ìdọ̀tí, ó di ìgbà 327. Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ wo ilé yín. Èwo nínú wa ni kò ní ọ̀rá ńlá kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì tó kún fún ọ̀rá kéékèèké? Ìyá wa ló kọ́ wa. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á tún fi di ẹ̀fọ́ fún ọmọ tó ń padà sílé ìwé. Iye tó bá ilé Yorùbá mu kò sí nísàlẹ̀ rárá.

Òwú ló fa gbogbo rẹ̀. Oko òwú ń mu omi púpọ̀, ó ń jẹ ajílẹ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ fi ń fín oògùn sí i léraléra. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á yọ kóró rẹ̀, wọ́n á ran án, wọ́n á hun ún, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á pa á láró. Iná ló ń ṣiṣẹ́ nídìí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí kánfáàsì bá fi dé orí tábìlì mi, ó ti ná ayé ní nǹkan púpọ̀ kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án.

Ìwádìí mìíràn wà tí ìjọba Denmark gbé jáde lọ́dún 2018, òun sì ni àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa pín kiri lórí Facebook, pé ìgbà 20,000 ni èèyàn gbọ́dọ̀ lo báàgì òwú tí kò ní kẹ́míkà kó tó dára ju ọ̀rá lọ. Iye náà wà nínú ìwádìí yẹn lóòótọ́, 7,100 sì ni ti òwú tí wọ́n gbìn bí wọ́n ṣe máa ń gbìn ín. Àmọ́ àwọn tó ń pín in kì í sọ pé ohun tó burú jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n wọ̀n ni wọ́n fi mú iye yẹn jáde, ìyẹn ìpalára fún ozone, ìbòrí tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn lókè. Tó bá jẹ́ gáàsì tó ń mú ayé gbóná nìkan là ń sọ, ìgbà 52 ni ìwádìí kan náà sọ fún báàgì òwú lásán, ọjà ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ọdún kan. N ò fara mọ́ kí a máa fi 20,000 dẹ́rù ba ẹni tó ti ní báàgì aṣọ nílé. Kó máa gbé e lọ.

Ohun tí ìwádìí méjèèjì kò kà ni gọ́tà. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ̀rọ̀ ọ̀rá tó ń fò kiri ìgboro sílẹ̀. Ti Denmark sọ pé lọ́dọ̀ àwọn, ìpalára rẹ̀ kéré. Wọn ò purọ́. Ní Denmark, ọkọ̀ ń kó ìdọ̀tí lọ, wọ́n sì ń sun púpọ̀ nínú rẹ̀ láti fi mú ilé gbóná. Ìdọ̀tí tiwa ń wá ọ̀nà ara rẹ̀.

Ẹ wá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò bá ń kó gọ́tà. Iyanrìn kọ́ ló máa ń dá ṣọ́bìrì wọn dúró. Ọ̀rá ni. Ó máa ń tò lórí ara wọn ní ìpele-ìpele, iyanrìn díẹ̀, ọ̀rá, iyanrìn díẹ̀, ọ̀rá, títí gbogbo rẹ̀ á fi le tí ṣọ́bìrì kò ní wọlé, wọ́n á wá fi ọwọ́ fà á. Ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi di ẹran máa ń ya, èyí tó funfun tí wọ́n fi ń ta ata máa ń jáde lódindi, ó kún fún omi dúdú. Wọ́n á kó o sí etí gọ́tà pé kó gbẹ. Òjò tó bá rọ̀ lálẹ́ á gbá a padà sínú.

Ará Ìbàdàn kò nílò ìwádìí láti mọ ohun tí omi tí kò rí ọ̀nà lọ lè ṣe. Ògùnpa ya lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, omi tún ya wá bá wa lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó gbé afárá lọ, ó gbé èèyàn lọ. Ọ̀rá nìkan kọ́ ló fà á; ilé tí wọ́n kọ́ sójú odò wà níbẹ̀, òjò náà sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó dí ojú àgbàrá wà lára rẹ̀, ọ̀rá sì ni ìdọ̀tí tí kì í jẹrà. Nítorí irú èyí ni Bangladesh ṣe fòfin de ọ̀rá lọ́dún 2002, orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ṣe é lágbàáyé. Wọ́n ti rí i nígbà omíyalé ọdún 1988 àti 1998 bí ọ̀rá ṣe dí gọ́tà wọn pa. Ọ̀rọ̀ gáàsì kọ́ ló kọ́kọ́ mú wọn ṣòfin, omi ni.

Ẹran ọ̀sìn ń kọ́, tó ń jẹ káàkiri orí ààtàn? Ẹ bi alápatà. Wọ́n máa ń bá ọ̀rá nínú àpòlúkù màlúù àti ewúrẹ́, tó ti wé mọ́ra wọn. Ẹran náà á máa rù, ẹni tó ni ín á rò pé àìsàn ni. Àwa tí a tún ń fi ọ̀rá dá iná èédú, èéfín dúdú yẹn, inú àyà àwọn ọmọ wa ló ń lọ.

Torí náà, nígbà tí oníbàárà bá bi mí pé èwo ló dára jù, mo máa ń sọ fún un pé gbèsè méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe báàgì, ọ̀kan wà níbi tí a ń jù ú sí. Ọ̀rá jáwé olúborí níbi ìṣe, ó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ níbi ìjùnù. Báàgì òwú ná wa púpọ̀ níbi ìṣe, àtiṣan gbèsè náà sì wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e lọ sílé. Bó bá fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ì bá sàn kó gba ọ̀rá.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa báàgì ìnáwó, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Ẹ mọ̀ ọ́n: báàgì aláwọ̀ pupa tàbí búlúù, àwòrán olóògbé níwájú, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú lábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pè é ní báàgì aṣọ. Aṣọ kọ́ ni. Polypropylene ni, irú rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe àga ike. Wọn ò hun ún. Wọ́n yọ́ ọ di fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n wá fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àmì tótòtó lára rẹ̀. Bí aránṣọ ṣe ń mọ̀ ọ́n rọrùn. Ẹ fa fọ́nrán kan létí rẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó, á rùn bí ìwé tó ń jó, á di eérú rírọ̀ tí atẹ́gùn lè fẹ́ lọ. Èyí á yọ́, á ká kò, á fi kókó líle kan sílẹ̀ lórí rẹ̀. Oòrùn sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ gbàgbé ọ̀kan sí fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, á ti máa rún wómúwómú, ohun tó rún yẹn á sì wọnú ilẹ̀.

Ìgbà 11 tí ìwádìí sọ pé ó tó fún un kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Ìṣòro ni pé ẹyọ kan kọ́ là ń gbà. Ọjọ́ Sátidé kan, ìnáwó méjì, báàgì méjì, ọdún kan ń yí po, àpótí sì ti kún. Báàgì tó pọ̀ ju ọwọ́ lọ kò lè pé iye ìgbà rẹ̀ láéláé, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe é.

Oníbàárà kan wá, ó ń ṣe òkú màmá rẹ̀, ó ní kí n rán ọ̀ọ́dúnrún báàgì kánfáàsì, àwòrán màmá níwájú gàdàgbà. Mo bá a kẹ́dùn. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa gbé e lọ sọ́jà?"

Ó ní, "Àlejò ni, Àǹtí. Ṣé wọn ò ní fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí yín, ṣé á gbé àwòrán màmá kọ́wọ́, tí á gbé e lé ilẹ̀ ọjà Bódìjà nínú ẹrọ̀fọ̀ níwájú ẹlẹ́ja? Kò ní fẹ́ tàbùkù wọn. Á ká a pamọ́."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ò rò ó débẹ̀. A jọ jókòó, a dín in kù sí iye ìdílé àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. A kò ra kánfáàsì tuntun. Aṣọ ẹbí tí mo ti gé fún wọn ni mo kó èyí tó ṣẹ́ kù jọ, mo so wọ́n pọ̀, mo fi láínìn sí i nínú. Orúkọ màmá wà nínú báàgì, níbi tí a máa ń lẹ tágì mọ́. Òwú tó wà nínú báàgì yẹn, torí bùbá àti ìró ni wọ́n ṣe gbìn ín. Ẹnikẹ́ni kò tún dá oko mìíràn nítorí báàgì. Bí mo bá ní agbára, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo báàgì ìnáwó nílẹ̀ Yorùbá ìbá ṣe rí, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tí kò ní àpò aṣọ tó ṣẹ́ kù nílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, báàgì tí mo gbóríyìn fún jù ni èyí tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Àpò ìrẹsì tí wọ́n hun, tí a ti jẹ ìrẹsì inú rẹ̀ tán. Ghana-must-go, tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́dún 1983 nígbà tí wọ́n lé àwọn ará Ghana jáde tí wọ́n fi kó ẹrù wọn. Rọ́bà ni àwọn náà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà tí wọ́n hun máa ń pẹ́, ìgbà 5 péré sì ni ìwádìí Denmark sọ fún irú báàgì bẹ́ẹ̀ lórí gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Àpò ìrẹsì ti gbé ìrẹsì kó tó dé ọwọ́ yín, ó ti jẹ èrè rẹ̀. Ẹ gé e, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì kó má baà tú, ẹ rán an.

Ẹja tútù àti ẹran kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dà sínú báàgì aṣọ lásán. Ẹ̀jẹ̀ á wọ inú rẹ̀, á rùn, kòkòrò àìsàn á sì wà níbẹ̀ de ẹ̀fọ́ tí a máa rà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Abọ́ onídèérí ni mo máa ń gbé dání fún ẹja. Ìyá aláta tí mo ń bá ná kọ́kọ́ máa ń ṣàníyàn, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n da ata yín sọ́ràá kí n tó kó o síbẹ̀, kò ní ba báàgì jẹ́." Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń na ọwọ́ gba abọ́. Ohun tí ọ̀rá bá pọn dandan fún, kí ọ̀rá gbé e, ká fọ̀ ọ́, ká tún lò ó.

Òfin dára, mo sì ń retí tiwa ní Ọ̀yọ́. Rwanda ṣe é lọ́dún 2008, Kenya lọ́dún 2017, àwọn ará wa ní Benin náà ní òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2015 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba pẹ́nìì 5 lórí ọ̀rá, ó di pẹ́nìì 10 lọ́dún 2021. Ọ̀rá ẹ̀ẹ̀kan-ṣoṣo tí àwọn ilé ìtajà ńlá ń tà já wálẹ̀ kọjá ìdá 95 nínú 100. Àṣeyọrí ńlá ni. Ṣùgbọ́n bag for life tí wọ́n tà lọ́dún 2019 nìkan lé ní bílíọ̀nù kan. Àbúrò mi tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi pé abẹ́ síǹkì òun kún fún un, torí nígbàkúùgbà tí òun bá gbàgbé tilé, òun á ra òmíràn. Ọ̀rá tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, tí a ń lò bí a ṣe ń lo ti tẹ́lẹ̀, ìpalára rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí nípa 40 máíkírọ̀nù ti Èkó nìyẹn: kí oníṣòwò má kàn fi kún nínípọn rẹ̀, kí oníbàárà sì tún jù ú sí gọ́tà náà.

Ìgbà 131 yẹn, inú ọwọ́ báàgì ló wà. Ibẹ̀ ni báàgì ti máa ń kú. N ò tíì rí èyí tí ìdí rẹ̀ kọ́kọ́ já. Àwọn ọmọṣẹ́ mi mọ̀ pé n kì í jẹ́ kí wọ́n rán orí okùn mọ́ ẹnu báàgì kí wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Okùn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lára báàgì, kó gba abẹ́ ìdí rẹ̀ kọjá, kó gòkè ní òdìkejì, kí iṣu má baà fà lórí ojú ìrán. Níbi tó ti pàdé ẹnu báàgì, wọ́n á rán igun mẹ́rin yí i ká, wọ́n á wá rán ìlà méjì kọjá ara wọn láàárín rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó báàgì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ yí i síta, ẹ wo ibẹ̀.

Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti já, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e tọ aránṣọ àdúgbò yín, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọwọ́ báàgì tí èmi bá rán, n kì í gbowó àtúnṣe rẹ̀. Ti ibòmíì, owó òwú ìránṣọ nìkan ni mò ń gbà. Bó bá jẹ́ báàgì ìnáwó tí wọ́n fi iná lẹ̀, ẹ sọ fún aránṣọ pé kó má rán an lásán, torí ojú abẹ́rẹ́ tó bá pọ̀ á mú kó ya. Kó kọ́kọ́ fi àjákù ankara tẹ́ ẹ nínú, kó wá rán méjèèjì pọ̀.